Ọkọ̀ Òfurufú Ogun tí Morẹ́nikẹ́ Fi Aṣọ Bò ní Calgary

Láti ọjọ́ tí mo ti padà dé sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ẹni tó ń yà kí mi ń bi mí. "Bàbá, báwo ni òtútù ibẹ̀ ṣe rí?" Mo ti dá wọn lóhùn títí ó fi sú mi. Òtútù wà níbẹ̀. Ó ń wọ inú eyín, ó ń wọ ihò imú, ó sì sọ irùngbọ̀n mi di gbígan lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jáde síta. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ báyìí. Kì í ṣe tìtorí òtútù ni mo ṣe jókòó kọ ìwé yìí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni ti ọkọ̀ òfurufú ogun kan tí mo bá níbẹ̀, àti ti Morẹ́nikẹ́ ọmọ mi tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán aṣọ bò ó. Bí ẹ bá kà á tí ẹ sì sọ pé mo ń fọ́nnu, ẹ kò purọ́ mọ́ mi. Mo ń fọ́nnu ni.

Ní ẹnu ọ̀nà

Morẹ́nikẹ́ ni àbígbẹ̀yìn mi. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ló kọ́ ní yunifásítì nílé kó tó lọ kàwé sí i ní Calgary, ó sì ti pẹ́ tí mo ti fojú kàn án gbẹ̀yìn. Èmi náà, bí ẹ ṣe mọ̀ mí, ọ̀gá ilé-ìwé ni mo jẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, mi ò fẹ́ràn kí àgbàlagbà máa sunkún ní gbangba. Nítorí náà mo ti mú ojú mi le kí n tó jáde síbi tí àwọn tó wá pàdé èrò dúró sí.

Bó ṣe rí mi báyìí, ó ju báàgì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ dídán yẹn tòun ti kóòtù ńlá tó wọ̀.

"Ẹ káàbọ̀ sà. Daddy mi, ẹ káàbọ̀."

Kí n tó gbé ọwọ́ lé e lórí kí n súre fún un, òyìnbó kan tó fi fìlà bo etí ti sáré dé, ó ti di apá rẹ̀ mú, ó fẹ́ gbé e dìde. Obìnrin kan ti ń wá omi kiri. Wọ́n rò pé ọmọ náà ṣubú ni, tàbí pé àìsàn ló kì í mọ́lẹ̀. "Are you okay? Are you hurt?" Morẹ́nikẹ́ ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀, ìyẹn tún wá da ọ̀rọ̀ náà rú mọ́ wọn lójú pátápátá. Mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ yín ṣàlàyé fún wọn pé ọmọ mi ni, pé ó ń kí mi ni. Ọkùnrin náà wò mí, ó wo ọmọ mi nílẹ̀, ó ṣí fìlà rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ òun kì í tiẹ̀ yọ ohun tó wà létí wọn bí òun bá wọlé. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo rò ó nínú ara mi pé ìlú tí ẹni tí kò mọ èèyàn rí ti ń sáré gbé e dìde, kò lè jẹ́ ìlú burúkú. Mi ò tíì yí èrò yẹn padà.

Abẹ́ ilé

Taradale ni orúkọ àdúgbò tó ń gbé. Àwọn ilé ibẹ̀ jọra wọn débi pé nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn ni mo fi ń mọ ibi tí mo ti jáde. Basement ló háyà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò rí i rí, ilé tó wà lábẹ́ ilé ni. Fèrèsé rẹ̀ wà lókè nítòsí àjà, ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá lẹ máa rí bí ẹ bá wo ìta. Èmi tí mo kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì! Mo jókòó sórí ibùsùn, mo ń wo snow tó ti dí ìdajì fèrèsé.

"Morẹ́nikẹ́, ṣé abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń kó engineer sí níbí?"

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má start. Ibí gbóná ju òkè lọ. Ẹ kọ́kọ́ sùn, ẹ máa rí i."

Mo sùn, mo rí i. Òótọ́ ló sọ.

Màmá onílé tó wà lókè, ará India ni, gbogbo èèyàn ló ń pè é ní Auntie, kódà àwọn tó jù ú lọ. Ní àárọ̀ tí mo kọ́kọ́ jí síbẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ wá pẹ̀lú búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí iná kúrò, tí ó fi bọ́tà pa, àti wàrà kíkan nínú abọ́. Kò béèrè bóyá mo ti jẹun. Ó gbé e síwájú mi, ó dúró tì mí, ó ká ọwọ́ gbera títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Mo mọ irú obìnrin bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Ata tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ náà mú mi ní ọ̀fun débi tí mo fi rántí ilé.

Iṣẹ́ ọmọ mi ló bí mi nínú. Láàárín ọ̀sẹ̀, ó ń di ẹrù sínú páálí ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan. Mo gbé ìyẹn mì, nítorí ìlú onílùú ni, ibi tí èèyàn bá rí ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ó di Sátidé tó yẹ kó fi sinmi, ó jí, ó wọ aṣọ iṣẹ́ kan tí ọ̀dà ti bà jẹ́, ó ní òun ń lọ sí hangar, níbi tí àwọn ti ń tún ọkọ̀ òfurufú àtijọ́ ṣe.

"Èló ni wọ́n ń san fún ẹ níbẹ̀?"

"Wọn kì í sanwó, sà. Volunteer ni mo ń ṣe."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ẹ ò bá gbọ́ ohùn mi lọ́jọ́ náà. Mo rò pé Auntie lókè gbọ́ ọ. Ọmọ tí mo rán ní yunifásítì, tó lọ ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún òyìnbó lọ́jọ́ ìsinmi!

Ó jẹ́ kí n sọ tèmi tán. Lẹ́yìn náà ó jókòó tì mí, ó tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Àṣẹ iṣẹ́ tí ìjọba fún un ti fẹ́ parí. Bí kò bá rí iṣẹ́ tó bá ohun tó kọ́ mu kó tó parí, PR, ìwé tó máa jẹ́ kó lè gbé ìlú náà títí lọ, ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn, yóò sì palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Gbogbo ilé-iṣẹ́ tó lọ ló ń bi í pé Canadian experience rẹ̀ dà. Ilé ọkọ̀ òfurufú àtijọ́ yìí nìkan ló jẹ́ kó fọwọ́ kan nǹkan. Ní báyìí, wọ́n fẹ́ gba ẹnì kan ṣoṣo síṣẹ́ olówó oṣù nínú àwọn tó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Òun àti ọmọ òyìnbó kan, Tyler, ni wọ́n ń wò.

"Ọkọ̀ tí à ń tún ṣe yẹn ni wọ́n máa fi mọ ẹni tí wọ́n máa mú, Daddy. That's all I have."

Mo wá bàtà mi lábẹ́ ibùsùn. Mo ní kó mú mi lọ wò ó.

Ọkọ̀ tó wá nínú àpótí

Ilé onígi ńlá kan ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfurufú, òrùlé rẹ̀ ga bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo ṣe wọlé, mo rí àwọn àgbàlagbà tó tẹ̀ba sórí iṣẹ́ wọn, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èèyàn kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó má kí i. Mo ń lọ, mo ń kí wọn, "Well done, sir. Well done." Ọ̀kan nínú wọn dá ọwọ́ dúró, ó wo iwájú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn, ó ní, "Oh, it's not done yet." Morẹ́nikẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ẹni tó ń darí iṣẹ́ náà dàgbà jù mí lọ, ó tínrín, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Ó ní kí n máa pe òun ní Walter. Mo ní kò ṣeé ṣe, a wá parí rẹ̀ sí Mister Walter. Ọmọ mi ní tirẹ̀ ti sọ ọ́ di Uncle Walter tipẹ́.

Òun ló mú mi dé iwájú ọkọ̀ náà. Hurricane ni wọ́n ń pè é. Mo ti rò pé irin ni gbogbo ọkọ̀ ogun láti imú dé ìrù. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Irin ló wà níwájú, àmọ́ láti ẹ̀yìn àga awakọ̀ dé ìrù, páìpù àti igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni egungun rẹ̀, aṣọ ọ̀gbọ̀ ni wọ́n sì fi bò ó. Wọ́n á na aṣọ náà, wọ́n á rán an mọ́ igi, wọ́n á wá fi irú ọ̀dà kan kùn ún tó máa ń jẹ́ kó fún pinpin. Aṣọ! Ohun tí wọ́n gbé lọ sójú ogun nìyẹn, tí ẹnì kan sì jókòó sínú rẹ̀.

Mister Walter jókòó sórí àpótí kan, ó sọ ìtàn rẹ̀ fún mi. Ó ní kí ogun àgbáyé kejì tó bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ àtijọ́ ni àwọn ọmọ ogun òfurufú Canada ń fò, èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ jẹ́ méjì lórí ara wọn, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lu awakọ̀ lójú. Gbogbo ẹni tó ń gbọ́ rédíò ló mọ̀ pé ogun ń bọ̀. Wọ́n bá ránṣẹ́ sí England pé kí wọ́n ta Hurricane fún àwọn. England alára ń sáré kó tirẹ̀ jọ, síbẹ̀ ó yọ̀ǹda ìwọ̀nba díẹ̀. Wọ́n tú wọn palẹ̀, wọ́n dì wọ́n sínú àpótí igi, ọkọ̀ ojú omi kó wọn dé etíkun lápá ìwọ̀ oòrùn. Bàbá Mister Walter wà nínú àwọn tó ṣí àpótí náà. Ọmọ àgbẹ̀ ni, ẹ̀rọ ìkórè àlìkámà ló mọ̀ ọ́n tún ṣe tẹ́lẹ̀, kò rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Wọ́n tò ó pọ̀. Awakọ̀ tí kò fò ju ọkọ̀ àtijọ́ lọ gun orí rẹ̀, ó gbéra, gbogbo wọn sì dúró nílẹ̀, wọn kò lè mí títí ó fi padà gúnlẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi wà pẹ̀lú rẹ̀ ní Calgary níbí kí ogun tó bẹ́, àwọn ọmọkùnrin náà sì sọdá òkun lọ jà nínú irú ọkọ̀ kan náà.

"Bàbá mi fẹ́ràn láti máa sọ pé nígbà tí ogun dé, kò sẹ́ni tó tún béèrè ibi tí wọ́n ti ṣe é," ni Mister Walter wí.

Mo ní kó tún un sọ kí n lè rántí rẹ̀. Mo sọ fún un pé àwa náà nílé ń ra ọkọ̀ ogun lókèèrè, àwọn ọmọ tiwa ló sì ń fò ó. Ó gbọn orí, ó ní ọmọ tiwa kan ló ń rán eléyìí.

Morẹ́nikẹ́ ti wà nídìí iṣẹ́. Ó mú abẹ́rẹ́ gígùn kan tó tẹ̀ bí ìwọ̀, ó fi ìda pa òwú, ó ń kì í bọ inú aṣọ, ó ń fà á jáde lódì kejì, ó ń so kókó, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò. Kókó náà tẹ̀lé ara wọn gbọọrọ dé ìrù, kò sí èyí tó yà. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ìyàwó mi rán aṣọ ìgbéyàwó fún kí ó tó di olóògbé, ẹ mọ ọwọ́ tí mò ń wí. Mo yí ojú sí ògiri fún ìgbà díẹ̀.

Nígbà tí oúnjẹ ọ̀sán tó, olúkúlùkù yọ búrẹ́dì tirẹ̀ nínú ọ̀rá, wọ́n ń jẹ ẹ́ lójú mi. Mo dúró kí ẹnì kan sọ pé "ẹ wá jẹun" kí n lè sọ pé á gba ibi ire. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Kì í ṣe ìwà ahun o, bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn. Wọn kì í fi oúnjẹ dààmú ẹni tí kò béèrè. Mo sọ fún Morẹ́nikẹ́ pé kó se mọ́ínmọ́ín wá ní Sátidé kejì. Ó sè é, mo pín in kárí fúnra mi. Mister Walter béèrè bóyá kéèkì ni, ó jẹ méjì, ata mú ojú rẹ̀ pọ́n wẹ̀, kò sì gbé àwo sílẹ̀.

Ọjọ́ mọ́ínmọ́ín yẹn náà ni Diane dé. Òun ni ọ̀gá gbogbo ilé náà, obìnrin gíga kan tó gé irun mọ́lẹ̀, tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó fi ìka tọ ojú rírán náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"This is beautiful. Who did this?"

Mo gbé àyà síwájú. Ọmọ mi wo ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Thank you, ma. It's Uncle Walter o, he taught us everything. Everybody tried."

Diane mi orí, ó kọjá sọ́dọ̀ Tyler. Tyler ní òun ló tún táyà ìrù ṣe látòkè délẹ̀, ó sì to ohun tó ṣe sí i lẹ́sẹẹsẹ. Diane dúró tì í pẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín, inú mi dùn. Mo ní ọmọ mi ti gba iṣẹ́ náà tán. Ọmọ tó gbé iyì fún àgbà, tí kò ya ẹnu gbàgà níwájú ẹni tó jù ú lọ, kí ni wọ́n tún ń wá? Tyler ni mò ń káàánú.

Ní Chestermere

Ọ̀gbẹ́ni Délé, tí Morẹ́nikẹ́ ń pè ní Ẹ̀gbọ́n Délé, òun àti ọmọ mi ni wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Engineer ni ní ilé-iṣẹ́ epo, ìlú kékeré Chestermere tó yí adágún omi ká ló ń gbé. Ó gbà wá lálejò lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jókòó sórí àga.

"Tolú, o ò ní dìde kí Grandpa?"

"Hi, Grandpa."

"Dìde, jọ̀ọ́. Prostrate!"

"Dad, I already said hi."

Ìyá rẹ̀ gbé iyán kalẹ̀ kíákíá kí n má bàa sọ nǹkan. Iyán ìyẹ̀fun ni, mo fi ojú fò ó. Adágún omi ti di yìnyín lẹ́yìn fèrèsé, àwọn ọkùnrin kan gbé àga jókòó sórí rẹ̀, wọ́n ń dẹ ẹja nínú ihò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún Délé bí ọmọ mi ṣe dá Diane lóhùn, bí ó ṣe fi ìyìn fún àgbà. Mo sọ ọ́ dáadáa, ọwọ́ mi ń lọ ń bọ̀. Délé gbé ọwọ́ kúrò nínú iyán.

"Daddy, ẹ má bínú sà. Tyler ni wọ́n máa mú."

"Nítorí kí ni?"

"Níbí, bí èèyàn bá ní ẹlòmíì ló ṣe é, wọ́n máa gbà á gbọ́ ni. Kò sẹ́ni tó máa rò pé ó ń rẹ ara ẹ̀ sílẹ̀ ni. Mo pàdánù iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo dé, kí ẹnì kan tó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní àwọn ò mọ ohun tí mo lè ṣe, that I never told them."

"Ìwà tí mo kọ́ ọmọ mi lò ń bá wí yẹn."

"Mo mọ̀ sà. Ìwà tí bàbá tèmi náà kọ́ mi ni."

Oúnjẹ náà kò wọlé mọ́. Morẹ́nikẹ́ kò gbé ojú sókè, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun létí rẹ̀.

Nínú train

Délé gbé wa dé ibùdókọ̀ Marlborough nítorí Morẹ́nikẹ́ fẹ́ ra nǹkan láàárín ìlú. Bí a ṣe jókòó sínú train, iṣẹ́ olùkọ́ mi gùn mí.

"Ta ló rán aṣọ ọkọ̀ yẹn?"

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní ta ló rán an? Sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bí wàá ṣe sọ ọ́ fún Diane."

"I... I was part of the team that..."

"Team wo? Mo rí ẹ, ìwọ nìkan ni. Tún un sọ."

Obìnrin kan tó gbé ẹrù sẹ́sẹ̀ kọjú sí wa, ó ń wò wá. Morẹ́nikẹ́ rẹ ohùn sílẹ̀.

"Daddy, kò lè jáde. Ẹ̀yin lẹ̀ ń wò mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa yin ara mi níwájú yín?"

Mo ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, pé bí ó bá dé iwájú wọn, ẹnu rẹ̀ yóò là. Mo fi ìdánwò náà dà á láàmú títí a fi sọ̀kalẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rù ti ń bà mí. Bí mo bá sọ fún un pé kó máa fọ́nnu, mo ti tú ohun tí èmi àti ìyá rẹ̀ kọ́ fún ọdún gbọọrọ. Bí mi ò bá sì sọ fún un, ọmọ mi yóò padà wálé pẹ̀lú àpótí rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ lórúkọ ẹlòmíì.

Lóde

Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n máa yan ẹnì kan pé, mo gbé agbádá funfun mi wọ̀ lórí kóòtù òtútù. Mo mọ̀ bí mo ṣe rí. Ẹ má bi mí. Diane ti sọ pé ìdí iṣẹ́ gan-an ni kí ẹni kọ̀ọ̀kan ti fi ohun tó ṣe hàn, níwájú òun àti ìgbìmọ̀ ilé náà. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ dúró yíká. Mister Walter gbé àga fún mi níwájú, bó ṣe yẹ kí wọ́n gbé e fún bàbá.

Tyler ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọmọ dáadáa ni, ó mọ iṣẹ́, ó sì sọ ọ́ geere. Ó kan ọmọ mi.

"So, Morenike," ni Diane wí. "Which part of this is yours?"

Ó la ẹnu. Ó wo ọkọ̀ náà, ojú rẹ̀ wá bá tèmi.

"Well... Uncle Walter, he..."

Diane ń dúró. Mo ń fi ojú sọ fún un pé kó sọ ọ́, kó sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni bí mo ṣe ń tẹjú mọ́ ọn tó ni orí rẹ̀ ń tẹ̀ sílẹ̀ sí i. Ìgbà náà ni ohun tó sọ nínú train tó yé mi. Ọmọ náà ti sọ fún mi, èmi ni mi ò gbọ́. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà lórí àga yẹn, kò ní sọ ọ́ láé, nítorí mo tọ́ ọ dáadáa.

Mo dìde. Àga náà han létí gbogbo èèyàn. Mo ní, "Excuse me," mo kó agbádá mi jọ, mo sì jáde síta.

Ilẹ̀kùn padé lẹ́yìn mi. Snow ń bọ́, afẹ́fẹ́ wọ abẹ́ agbádá náà, ó gbé e sókè dé orí mi. Inú mi kò dùn rárá. Mo ti Ìjẹ̀bú-Igbó gba ojú òfurufú kọjá òkun kí n lè wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń yin ọmọ mi, èmi ni mo sì tún fi ẹsẹ̀ ara mi rìn jáde. Mo fi etí sí ilẹ̀kùn, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọkọ̀ òfurufú ńlá kan gbéra nítòsí, ariwo rẹ̀ bo gbogbo ibẹ̀. Mo gbàdúrà ní Yorùbá, kíkan, nítorí kò sí ẹni tó ń gbọ́ mi. Mo pe orúkọ ìyá rẹ̀ sí i.

Ó pẹ́ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Mister Walter ni, kò wọ kóòtù. Ó dúró tì mí.

"Ó ní gbogbo ojú abẹ́rẹ́ láti ẹ̀yìn àga awakọ̀ dé ìrù, òun ló rán an," ó ní. "Ó ní òun tú apá kan palẹ̀, òun tún un rán nítorí kò tẹ́ òun lọ́rùn. Èmi gan-an ò mọ ìyẹn. Diane bi í pé kí ló dé tí kò ti sọ ọ́ látìgbà yìí."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó ní nítorí pé bàbá òun wà níbẹ̀."

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, agbádá, snow àti gbogbo rẹ̀.

"Ṣé ìdí tí o fi jáde nìyẹn?"

"Mo kàn fẹ́ gba afẹ́fẹ́ díẹ̀ ni."

"In this?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó gbá mi lẹ́yìn, àwa méjèèjì ń gbọ̀n.

Kò pẹ́ tí Morẹ́nikẹ́ fi sáré jáde. Tyler wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́ fún un, kí Ọlọ́run ṣe é lóore. Ojú ọmọ mi tutù fún omijé. "Daddy, wọ́n mú mi! They picked me, sà!" Mo dì mọ́ ọn níwájú gbogbo wọn, èmi tí mi ò fẹ́ràn kí àgbàlagbà máa sunkún ní gbangba, mo sì sunkún bó ṣe wù mí. Nígbà tí mo rí ohùn mi, mo ní kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fúnra mi.

"Morẹ́nikẹ́, ta ló rán aṣọ ọkọ̀ yẹn?"

Ó wo ilẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Uncle Walter ló kọ́ mi, sà. Gbogbo wa la jọ ṣe é."

Mo wo ọmọ náà títí. Mi ò bi í mọ́. Bí ó bá padà wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ohun tí yóò sọ fún yín nìyẹn, ẹ má gbà á gbọ́. Kì í ṣe òun ló yẹ kó sọ ọ́ fún yín, èmi bàbá rẹ̀ ni. Òun nìkan ló rán an.